Bí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Mi Ṣe Padà Kún

Àbúrò ìyá mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Mo jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń di ṣùkú fún mi kí orí mi lè mọ́ tónítóní tí ilé-ìwé bá wọlé. Ló bá dáwọ́ dúró. Ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Ìwọ ọmọ yìí, báwo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣe yó tí èkejì ń gbààwẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí nígbà náà, kò sì sí ohun tí kì í pa mí lẹ́rìn-ín.

Kí ọdún yẹn tó parí, kò sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ìlà tóóró kan ti yọ sí iwájú orí mi, láti ìdí irun títí dé ìpéǹpéjú òsì, ó jìn díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka fa ilẹ̀ tútù. Irun tó wà lókè ìlà náà ń já. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ń gbẹ, ojú òsì ń wọnú, ètè òkè ní ẹ̀gbẹ́ náà sì ń sún sókè, tó fi jẹ́ pé ehín mi kan a máa yọjú síta kódà bí mo bá pa ẹnu mọ́. Ọ̀tún ò yẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ẹ bá dúró sí ọ̀tún mi, ẹ ó rí ọmọbìnrin tó jọ bàbá rẹ̀ bí ìmumu. Bí ẹ bá dúró sí òsì, ẹ ó rí arúgbó kan tí ẹ ò mọ̀ rí.

Ìyá mi ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sí òkè Ọya. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú sí pákó. Kò sí èyí tó jókòó tẹtẹrẹ nínú wọn. Wọ́n mú mi lọ sí kẹ́míìsì, oníkẹ́míìsì ní ehín ni. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ehín, wọ́n yọ ehín inú kan tí kò ṣe ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò dúró. Àáfà mọ́ṣáláṣí wa ka Kùránì sínú omi fún mi. Ìyá kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ọmọ ìjọ Aládùúrà, gbàdúrà sínú omi tirẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó gbé e sọdá títì wá fún wa. Omi méjèèjì ni mo mu. Ìyá mi ní òun ò rò pé wọ́n máa bá ara wọn jà nínú ikùn mi. Títí di òní, mi ò lè fi àdúrà àwọn méjèèjì ṣeré, nítorí nígbà tí àwọn mìíràn ń sá fún ojú mi, àwọn wọ̀nyí ń sún mọ́ ọn.

Àwọn tó ń sá pọ̀. Ní ilé-ìwé, wọ́n ń pè mí ní Olójú-méjì. Nínú àdúgbò, ẹnu ò yé kùn pé àwọn ayé ló ń jẹ mí lójú, pé bí wọ́n bá jẹ òsì tán, ọ̀tún ló kàn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin kan tí kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ògiri. Mo wọlé, mo wo ọ̀tún mi nínú dígí títí ojú fi rẹ̀ mí.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ bo ojú. Ní ilé Mùsùlùmí bíi tiwa, hìjáàbù kì í ṣe nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kankan nínú ìdílé wa tó ń bo imú àti ẹnu. Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀sìn ti wọ̀ mí lára. Wọ́n ń yìn mí. Ìyàwó àáfà nìkan ni kò yìn mí. Ó pè mí sí ìyẹ̀wù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fún mi ní ẹ̀wà àti dòdò. Mo jókòó ti oúnjẹ náà, mi ò tú aṣọ ojú mi.

"Ṣé nítorí Ọlọ́run lo ṣe bò ó, àbí nítorí ènìyàn?" Ó bi mí bẹ́ẹ̀ ní èdè Ìjẹ̀bú wa, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń béèrè bóyá iyọ̀ dùn.

Mo ń fi ṣíbí yí ẹ̀wà náà kiri.

"Tó bá jẹ́ nítorí Ọlọ́run ni, kí Ó gbà á lọ́wọ́ ẹ. Tó bá jẹ́ nítorí ènìyàn ni, ọmọ mi, aṣọ yẹn á wúwo fún ẹ. Ènìyàn ò ṣe é bò fún tán."

Mo jẹ ẹ̀wà náà. Ṣùgbọ́n mo so aṣọ ojú mi padà kí n tó jáde, mo sì so ó fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Aṣọ yẹn ni mo wọ̀ lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò jìnnà sílé, mo lè lọ kí n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n lójú mi, bí ìlú òkèèrè ni. Kò sẹ́ni tó mọ ojú tí mo ní tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń ṣe dáadáa. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni orí fífọ́. Ẹ̀fọ́rí náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ojú òsì, á wá di gbogbo ẹ̀gbẹ́ orí yẹn mú. Lọ́jọ́ kan tí ó le ju ti ìgbàkígbà lọ, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá fà mí lọ sí ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Dókítà obìnrin kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọdé ni, kò lè fi ọjọ́ orí jù mí lọ púpọ̀. Ó ní kí n tú aṣọ ojú mi kí òun lè yẹ ojú mi wò. Mo tú u. Mo ti mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: ẹni náà á mí kanlẹ̀, á wá máa wo ògiri. Dókítà yìí fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi ni.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé ó ṣì ń lọ, àbí ó ti dúró?"

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Èmi gan-an ò bi ara mi rí. Mo ní mi ò mọ̀.

"Ṣé ẹ ní àwòrán yín àtẹ̀yìnwá nílé? Ti ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ti girama, ohun tí ẹ bá rí. Ẹ kó wọn wá. Ohun kan wà tí mo kà nínú ìwé nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, tí mi ò rí rí títí di òní. Mi ò ní sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nílé ìwòsàn ńlá tí wọ́n máa mọ̀."

Ìyá mi ló kó àwọn àwòrán náà dé. Ó yọ wọn lára ògiri, ó yọ wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi gèlè wé wọn bí ẹni wé ọmọ tuntun. Nígbà tí dókítà tẹ́ wọn sórí tábìlì ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ìyá mi kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó ní òun mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀.

Dókítà yẹn kọ̀wé fún wa, a sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú mìíràn. Wọ́n ya àwòrán inú orí mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n wo ahọ́n mi, wọ́n wo ojú mi pẹ̀lú iná. Dókítà àgbà kan, ọkùnrin tó ní ohùn tútù, ló pe èmi àti ìyá mi jókòó. Ó dárúkọ àìsàn náà, orúkọ àwọn dókítà òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ láyé àtijọ́. Ó wá yí i sí Yorùbá fún ìyá mi.

"Mà, ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ ojú ọmọ yín ló ń yọ́ lọ, àti ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń dé eegun pàápàá. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń mú. Kò wọ́pọ̀. Kì í ran ẹlòmíràn. A ò tíì mọ ìdí rẹ̀ dájú, àmọ́ ó jọ pé àwọn ọmọ-ogun inú ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló ṣìnà, tí wọ́n ń bá onílé jà."

 Ìyá mi ń fi etí ìborùn rẹ̀ wé ìka, ó ń tú u.

"Dókítà, tí ọmọ bá já bọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ṣé ó lè fa èyí?"

Mo yíjú wò ó. Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó ti pẹ́," ni ìyá mi wí. "Kò tíì rìn nígbà yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n obì, ọ̀já tú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi ṣubú."

Dókítà àgbà náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mà, gbogbo ọmọ ló ń ṣubú. Èmi ṣubú lórí igi ọsàn. Tó bá jẹ́ pé ìṣubú ni, ta ni ojú rẹ̀ ìbá pé nínú wa? Ẹ ò ṣe ohunkóhun."

Ìyá mi sunkún nínú yàrá yẹn débi pé nọ́ọ̀sì kan wọlé láti wò bóyá ènìyàn kú. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń wí pé ayé ló ń jẹ mí, ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún bàbá mi pàápàá. Nígbà tí a jáde síta, ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún àwa méjèèjì, a jókòó sábẹ́ igi, a jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, "Mo ti sọ̀." Ó sì dìde bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún lóòótọ́.

Mo rò pé wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́gán. Dókítà ní rárá. Ó ní wọ́n lè fi nǹkan kún ibi tó jìn, ṣùgbọ́n a kì í kọ́lé sórí ilẹ̀ tó ṣì ń ya. Àìsàn náà gbọ́dọ̀ dúró ná, kí wọ́n sì ṣọ́ ọ pẹ́ kó tó dá wọn lójú pé ó dúró. Wọ́n fún mi ní oògùn tí a fi ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ-ogun inú ara, tí mo ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti òmíràn tí kò ní jẹ́ kí inú máa rìn mí nítorí ti àkọ́kọ́. Inú ń rìn mí náà. Ọjọ́ tí mo bá lò ó, òórùn àlùbọ́sà lásán lè lé mi jáde nílé. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi lóòrèkóòrè láti rí i pé ẹ̀dọ̀ mi dára. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, wọ́n á ya ojú mi láti iwájú, láti ọ̀tún, láti òsì, lábẹ́ iná kan náà.

Èmi tí mo kórìíra àwòrán! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, dókítà gbé àwòrán méjì síwájú mi lórí kọ̀ǹpútà.

"Èwo ni ti òní, èwo ni ti àtijọ́?"

Mo wò wọ́n títí. Mo mú ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ṣì í mú.

"Inú mi dùn pé ẹ ṣì í mú," ló wí. "Ó ti dúró."

Mo jáde nílé ìwòsàn náà, ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún awakọ̀, fún ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, fún ẹnikẹ́ni, pé ó ti dúró. Ojú mi ò tíì yàtọ̀ sí ti àná. Ehín mi ṣì ń yọ síta, omi ṣì ń jò ní igun ẹnu mi bí mo bá mu ún. Àmọ́ ọ̀tún kọ́ ló kàn. Obìnrin ẹ̀yìn ògiri ti parọ́.

Kí wọ́n tó gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ, mo ti jáde yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo sì ti ríṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama kan ní Ogun Waterside, ní ìlú kékeré kan létí ọ̀sà. Omi ló yí wọn ká. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilé-ìwé, bàtà wọn lọ́wọ́. Atẹ́gùn ibẹ̀ gbóná, ó sì rin, aṣọ ojú mi kì í gbẹ lára mi.

Mo ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè ní ẹ̀yìn kíláàsì.

"Ẹ má bínú mà. A ò gbọ́ yín dáadáa. A ò sì rí ẹnu yín."

Mo ní kí wọ́n sún mọ́ iwájú. Wọ́n sún mọ́ ọn. Ó tún nawọ́.

"A ò tíì gbọ́ mà."

N ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Bóyá ooru ni. Bóyá ọ̀rọ̀ ìyàwó àáfà ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá. Mo tú aṣọ náà, mo fi sórí tábìlì.  Mo dúró kí wọ́n wò mí tán, mo yí ọ̀tún fún wọn, mo yí òsì.  Ọmọbìnrin yẹn náà ló tún sọ̀rọ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín, mà?"

"Rárá. Orí ló máa ń fọ́ mi nígbà mìíràn."

"Kí ló ṣe é?"

Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ya awọ sójú pátákó, mo ya ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, mo ya ẹran àti eegun, mo sì kọ́ wọn ní ojú ara mi títí aago fi lù. Wọ́n béèrè ìbéèrè ju bí wọ́n ṣe béèrè nípa ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lọ. Láti ọjọ́ yẹn, n ò bo ojú mọ́. Hìjáàbù ṣì wà lórí mi, nítorí Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ṣáájú àwọn ọmọ. Láàárín oṣù kan, àwọn òbí bíi mélòó kan ti ní kí ọmọ wọn má wọ kíláàsì mi mọ́, wọ́n ní àrùn tó ń jẹ ojú ń bẹ lára tíṣà. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń bọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò kàn fẹ́ ariwo.

"Tíṣà, mo bẹ̀ yín, ẹ má yọjú sí ìpàdé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́."

"Ọ̀gá, bí mo bá sá pamọ́, wọ́n á gbà pé òótọ́ ni."

Ó fi ọwọ́ ra orí. "Ẹ ṣe é bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Mo jókòó ní iwájú. Ọkùnrin kan dìde, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ṣé ohun tó ń ṣe tíṣà yìí ò ní ran àwọn ọmọ wa?"

Mo dìde. "Ẹ ṣeun tí ẹ bi èmi fúnra mi. Kì í ran ènìyàn. Ìyá mi àti èmi jọ ń sùn lórí ẹní kan náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àbúrò mi ń jẹ nínú àwo mi. Ojú gbogbo wọn pé. Ilé ìwòsàn ló tọ́jú mi, ó sì ti dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wò mí, kó wá wò mí."

Kùn-kùn-kùn bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó mira. Ìgbà náà ni ìyá àgbà Ìlàjẹ kan, tó ń yan ẹja tà, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, dìde láti ẹ̀yìn. Kò yára. Ó rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi, ó fi í síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó ń rùn fún èéfín. Láti ìgbà tí mo ti ń bo ojú, kò sí ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí ìyá mi tó fọwọ́ kan ibẹ̀.

"Ara ni," ló wí fún wọn. "Ó gbóná bíi tèmi." Ó yíjú sí àwùjọ. "Bó bá ràn mí, ẹ ó rí i ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ojú tèmi ti hunjọ tán tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ rí jẹ níbẹ̀?"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Bí ìpàdé ṣe parí, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kíláàsì mi kún, kódà àwọn ọmọ tí kì í ṣe tèmi ń yọjú lójú fèrèsé.

Nítorí náà, nígbà tí mo lọ fún iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe pé mo ń sá fún ojú mi. Mo ti mọ̀ pé mo lè fi í gbé ayé. Mo kàn fẹ́ kí ẹnu mi pa dé, kí ojú òsì mi lè dì dáadáa tí mo bá sùn, kí n sì gba ohun tó jẹ́ tèmi.

Bàbá mi ló tẹ̀ lé mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ariwo ẹ̀rọ tó ń la gẹdú ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ó gbọ́ bí dókítà ṣe ṣàlàyé pé wọ́n á fi ọ̀pá tín-ín-rín fa ọ̀rá láti ikùn mi, wọ́n á sẹ́ ẹ mọ́, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ tó mọ níwọ̀n tì í sábẹ́ awọ ojú mi díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ọ̀rá tirẹ̀ ni? Kì í ṣe ti ẹlòmíràn?"

"Tirẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ohun ìní rẹ̀ ni. Ẹ kàn ń ṣí i nípò."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní "Bísímílàhì", wọ́n sì tì mí wọlé.

Nígbà tí mo jí, mi ò rí ọ̀nà là ojú. Nígbà tí mo rí dígí, ojú òsì mi ti wú bí búrẹ́dì tó wà nínú omi, ó dúdú, ó tóbi ju ọ̀tún lọ. Ìyá mi, tó ti wá bá wa, wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Gbogbo ẹ̀bà tí mo fi bọ́ ikùn yẹn," ló wí, "ojú ni wọ́n wá gbé e kà."

Mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì jẹ́ kí ẹ̀rín náà le láti pa mọ́ra. Mo di ikùn mú, mo ń sunkún ẹ̀rín.

Ìwú náà lọ. Díẹ̀ nínú ọ̀rá náà bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ara á jẹ nínú rẹ̀. Àwọn oṣù kan wà tí mo ń jí ní òwúrọ̀ tí mo ń fọwọ́ wọ̀n ọ́n, tí ẹ̀rù ń bà mí pé gbogbo rẹ̀ á yọ́ padà. Kò yọ́ tán. Nígbà tó fìdí múlẹ̀, wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì tún ètè òkè mi ṣe, wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀ sí ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ife omi sẹ́nu ní ilé ìwòsàn. Mo mu ún. Mo dúró de èyí tó máa jò sí àgbọ̀n mi. Kò sí. Mo mu gbogbo ife, mo bu òmíràn, mo mu ìyẹn náà. Nọ́ọ̀sì ní ṣé òùngbẹ ń gbẹ mí tó bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá, mo kàn ń gbádùn ẹnu mi ni.

Ojú mi ò rí bíi ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí. Ìlà iwájú orí mi ṣì wà, kò kàn jìn mọ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín gan-an, òsì máa ń lọ́ra díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀tún, bí ẹni tó ń sáré bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún. Bí mo bá fi ọwọ́ tẹ ẹ́, ó rọ̀, ó sì ń padà sí àyè rẹ̀.

Ìyá kan láti Ìlápòrú mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹnì kan ló júwe mi fún un. Ìlà tóóró kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní àgbọ̀n ọmọ náà. Mi ò sọ pé mo mọ ohun tó jẹ́, mi ò sì ní kó mu omi kankan tàbí kó má mu ún. Mo bá wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ti fi í sórí oògùn báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò sì tíì jìn. Ọmọ náà ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Olójú-méjì. Inú mi dùn pé kò mọ̀ ọ́n.

Ìléyá tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ kejì ni mo kọ́kọ́ lo nílé pẹ̀lú ojú mi yìí. Nígbà tí a kí ìrun ọdún tán, gbogbo ènìyàn ń yára lọ sílé nítorí àgbò. Ìyá mi ò yára. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní a fẹ́ kí àwọn ẹbí ní Òkè-Sópẹ́n ná.

"Màámi, ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀nà. Máa bọ̀."

Oòrùn ti mú. Ó mú mi gba iwájú mọ́ṣáláṣí, ó mú mi gba ìsọ̀ àwọn olóbì, ó mú mi gba gbogbo àdúgbò tí a ò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí ló ń dá dúró kí. Á kí wọn kú ọdún, á kí ọkọ wọn, á kí ọmọ wọn, á wá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Kò ní sọ nǹkan kan nípa mi. Á kàn dúró síbẹ̀, á máa tún gèlè rẹ̀ ṣe, títí ẹni náà á fi lanu.

"Háà! Ṣé ọmọ yín nìyí?"

"Èwo nínú wọn?" ni ìyá mi á wí, bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. "Áà, èyí? Òun mà ni. Tíṣà ni. Ó ń kọ́ wọn níwé ní Waterside."

Bàtà ọdún ti bó mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kí a jẹ́ ká máa lọ sílé, ẹran á ti jinná. Ó ní kí n ní sùúrù, ó ku ilé kan.

Kì í ṣe ilé kan ló kù.